Ta Ni Ó Ń Tọ́jú Kọ́kọ́rọ́ Yín, Èló Sì Ni Ẹ Ń San?

Ẹni tí ó bá ka ìwé ìrántí yìí láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn yóò mọ ọdún tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀, orúkọ àwọn ilé tí a pín wa sí, ìnagijẹ àwọn olùkọ́ wa, àti ọdún tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a tẹ̀ síbí ni àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde fi ń ṣe páásíwọọ̀dù: orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọdún tí a jáde, tàbí ìnagijẹ wa àti nọ́ńbà tí a kọ sí ara àpótí nígbà náà. Olè tí ó bá ra ìwé yìí níbi ayẹyẹ ti ra kọ́kọ́rọ́ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ tí ń ṣí ọ̀nà kì í ṣe ohun tuntun. Orí kejìlá ìwé Àwọn Onídàájọ́ sọ bí àwọn ará Gílíádì ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Ṣibólẹ́tì, dá àwọn ará Éfúráímù mọ̀ ní ìwọdò Jọ́dánì. Ẹni tí ó bá pe Ṣ ní S kò kọjá, 42,000 ni ó sì ṣubú. (Bí ó bá ṣe pé Ìbàdàn ni odò náà wà, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ iye tí ìbá ṣẹ́kù. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ má bínú.) Ti kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1961 ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ Fernando Corbató, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ẹ̀rọ kan, oníkálukú sì fẹ́ fi iṣẹ́ tirẹ̀ pamọ́. Páásíwọọ̀dù kan fún ẹnì kan: ìyẹn rọrùn. Lónìí, òbí kan ṣoṣo ní ti báǹkì mẹ́ta, ti ímeèlì, ti JAMB ọmọ, ti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ti iná mànàmáná, àti ti áàpù tí ó fi ń ra dátà. Corbató fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ ogbó, jẹ́wọ́ ní 2014 pé inú ìwé ni òun ń kọ tòun sí.

Nítorí pé orí kò gbà á, ọ̀kan náà ni a ń lò níbi gbogbo. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí àwọn olè bá jí orúkọ àwọn oníbàárà ní ilé ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í dúró síbẹ̀. Wọn a gbé ímeèlì àti páásíwọọ̀dù kan náà lọ dán wò ní ẹnu ọ̀nà mìíràn, ẹ̀rọ ni ó sì ń bá wọn ṣe é, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwa ni a ń fi ọwọ́ ara wa la ògiri.

Ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí tiwa yìí, ọ̀rọ̀ náà kọjá eré. Láti ìgbà tí a ti ṣí èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kí ní oṣù kìn-ín-ní 2023, tí a sì ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ojú tí a fi ń wo ilẹ̀ láti Awoyaya dé Akodo ti yàtọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń ra ilẹ̀ níbí láìfi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Níbo ni rìsíìtì wà, níbo ni ìwé sọ́fè wà? Inú ímeèlì. Ẹni tí ó bá wọ ímeèlì náà kì í jí nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Yóò jókòó, yóò máa kà. Nígbà tí ó bá ku ọ̀la kí a san owó, yóò kọ̀wé ní orúkọ agbẹjọ́rò pé a ti pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì. Báyìí ni owó ogún ọdún iṣẹ́ ṣe ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Ìdí nìyí tí mo fi gbàgbọ́ pé olúkúlùkù wa níláti ní olùtọ́jú páásíwọọ̀dù. Áàpù ni, ó dàbí àpótí irin. Gbogbo páásíwọọ̀dù ni ó ń kó sínú ara rẹ̀, ó sì ń sọ wọ́n di àdììtú tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò lè kà. Kọ́kọ́rọ́ àgbà kan ṣoṣo ni ẹ óò há sórí. Òun ni yóò máa hun páásíwọọ̀dù gígùn tí kò jọ orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni fún ibi kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa bá yín tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kì í dédé tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé ayédèrú, nítorí pé àdírẹ́sì ni ó ń wò, kì í wo àwọ̀ àti àmì báǹkì. Ojú tiwa lè ṣì í. Òun mọ ìyàtọ̀ Ṣ sí S.

Owó ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 1Password ń gba nǹkan bí dọ́là 36 lọ́dún lọ́wọ́ ẹnì kan, Bitwarden sì ń gba dọ́là 10 fún ẹ̀ka tí a ń sanwó fún. Kí a tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan ní báǹkì, èyí sì jẹ́ náírà 16,560 àti 4,600. Nígbà tí dọ́là dé 1,500 ní 2024, wọ́n di 54,000 àti 15,000. Ilé-iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ tíì fi sẹ́ǹtì kan kún un. Ẹ tún rántí pé ní ìparí 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì wa kò jẹ́ kí káàdì náírà sanwó sí òkèèrè mọ́. Ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ gan-an kò rí ọ̀nà san án.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí: bí n kò bá rí owó san lọ́dún tí ń bọ̀, ṣé wọn yóò jẹ́ kí n kó ẹrù mi jáde? Ti 1Password, ẹ óò lè wo ohun tí ó wà nílẹ̀, ẹ óò sì lè kó o lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè fi tuntun kún un. Ti Bitwarden, ẹ óò padà sí ẹ̀ka ọ̀fẹ́, páásíwọọ̀dù yín yóò sì wà níbẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ohun tí a kò sanwó fún kò lè dára. N kò gbà. LastPass ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀, ní oṣù kejìlá 2022, ó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé olè ti kó ẹ̀dà àpótí wọn lọ. Àdììtú ni páásíwọọ̀dù inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àwọn ibi tí wọ́n ń lọ wà ní gbangba, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àgbà rẹ̀ kò sì lágbára ni ó wà nínú ewu jù. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó dín ẹ̀ka ọ̀fẹ́ rẹ̀ kù ní oṣù kẹta 2021, tí ó ní kí àwọn ènìyàn yan ọ̀kan nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Owó kì í ṣe odi, ọ̀fẹ́ náà kì í sì í ṣe májẹ̀mú.

Èrò tèmi ni pé òbí tí ó ní fóònù Android kan kò ní láti san kọ́bọ̀. Olùtọ́jú ti Google ti wà nínú fóònù náà, ó sì tó o. Ẹni tí ó ń lo fóònù àti kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi, kí ó mú ẹ̀ka ọ̀fẹ́ Bitwarden, tí kò ka iye páásíwọọ̀dù tàbí iye ẹ̀rọ. KeePass náà wà láti 2003, ọ̀fẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni ìtọ́jú fáìlì rẹ̀ wà. N kò lè gba àgbàlagbà tí fóònù rẹ̀ ń bọ́ sínú omi nímọ̀ràn pé kí ó lò ó.

Ta wá ni kí ó sanwó? Ẹni tí nǹkan ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí owó ń rà gan-an ni ìpín: kí ọkọ àti aya, tàbí akápò àti akọ̀wé, lè ní kọ́kọ́rọ́ kan náà, kí ẹni tí a yàn sì lè wọlé bí olówó rẹ̀ bá ṣàìsàn tàbí bí ó bá kú. Nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ mi, mo ti jókòó ti opó tí ó mọ̀ pé ọkọ òun ti san owó ilẹ̀ níbì kan, ṣùgbọ́n tí fóònù olóògbé wà ní títì lórí tábìlì, tí kò sí ẹni tí ó lè ṣí i. Ìrora yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu sọ. Ẹni tí kò lè sanwó náà ní ọ̀nà: kí ó kọ kọ́kọ́rọ́ àgbà sínú ìwé, kí ó fi sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, kí ó sì kó o sí ibi tí ìwé ìhágún rẹ̀ wà. Google pẹ̀lú ní ètò ọ̀fẹ́ tí ẹ fi lè yan ẹni tí yóò gba nǹkan yín bí àkáǹtì náà bá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ ṣe èyí láìpẹ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ àgbà tí a bá gbàgbé, àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fúnra wọn kò sábà lè bá yín wá a. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà fóònù nìkan. Nọ́ńbà tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò tà á fún.

Mo sì fẹ́ kí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde wa bẹ̀rẹ̀. Orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù gbogbo wa wà nínú ímeèlì ẹgbẹ́, òfin ààbò ìsọfúnni tí a buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023 sì sọ pé ẹni tí ó kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Kí àpò ẹgbẹ́ san owó olùtọ́jú kan, kí ó má ṣe jẹ́ owó àpò akọ̀wé. Kí alága, akọ̀wé àti akápò jọ ní i, kí a sì pààrọ̀ àwọn páásíwọọ̀dù ní ọjọ́ tí a bá yan ìgbìmọ̀ tuntun. Èmi yóò gbé e wá sí ìpàdé gbogboogbò tí ń bọ̀, mo sì ń wá ẹni tí yóò kín in lẹ́yìn.