Ọ̀mì Kì í Ṣe Òfo



Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ ọ̀kan nínú wa ti ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì dé. Bàbá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé o borí?" Ọmọ ní, "Ọ̀mì ni a ta, sà." Ni bàbá bá fa ojú ro, ó ní kí ó gbé ọpọ́n náà sọnù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Àwa tí a dàgbà nídìí ayò ọlọ́pọ́n mọ̀ pé ọmọ ayò 48 ni ó ń wà nínú ihò 12. Bí ẹnìkínní bá jẹ 24, tí ẹnìkejì jẹ 24, ọ̀mì ni. Kò sí ọ̀tá, kò sí ọ̀pẹ. Ta ni í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́?

Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, 2018, Fabiano Caruana ará Amẹ́ríkà àti Magnus Carlsen ará Norway pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí oyè àgbáyé. Caruana ló kọ́kọ́ ta: ó sún ọmọ ogun iwájú ọba rẹ̀ ní ilé méjì. Carlsen kò ta irú rẹ̀; ti iwájú bíṣọ́ọ̀bù lápá ayaba ni ó sún. Sicilian ni wọ́n ń pe ìbẹ̀rẹ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ jà ni í sì sábà yàn án. Carlsen fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Àkókò há mọ́ Caruana, ọmọ ogun rẹ̀ sì dín kan, ṣùgbọ́n ó fara dà á fún nǹkan bíi wákàtí méje, títí wọ́n fi ta ọ̀mì lẹ́yìn ìgbà 115 tí oníkálukú ti ta. Eré 12 ni wọ́n ta, ọ̀mì ni gbogbo rẹ̀, kí Carlsen tó borí nínú eré kíákíá.

Mo ní kí ọmọ wa tún tirẹ̀ ta fún mi. Ó ti sáré gbé ayaba jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹṣin rẹ̀ kan ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì. Síbẹ̀ kò juwọ́ sílẹ̀ títí ọ̀mì fi dé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ yìí ti wo ẹ̀yìn, ó ti rí ohun tó gbé e ṣubú.

Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ọpọ́n náà ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí ó gbé e jáde.