Ọmọ Tó Ń Tún Géèmù Ṣe Lóru: Ṣé Yàhúù Ni?

  

Lẹ́tà tí a fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Ìpàta, nílùú Ìlọrin níbí, ló ti wá. Ó ní ká má dárúkọ òun, a ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń wà. Lálẹ́, tí iná bá ti dé, á gbé láptọ́ọ̀pù lé ẹsẹ̀, ó di aago méjì òru. Tí ìyá bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní, "Màámi, géèmù kan ni mò ń tún ṣe, kò ṣe déédéé ni." Ìyá ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Géèmù tí èèyàn ti fowó rà, ṣé ó tún ku àtúnṣe ni? Àwọn ará ilé ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé yàhúù lọmọ náà ń ṣe. Ìyá wá ń bi wá pé ṣé kí òun ta láptọ́ọ̀pù náà, kí wọ́n má baà wá kan ilẹ̀kùn lóru.

Ìyá wa, ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Gbogbo wa ní Ìlọrin la ń gbọ́ bí àwọn EFCC ṣe ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sílé ẹjọ́ nítorí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ta nǹkan ọmọ. Ohun tó ní òun ń ṣe yẹn wà láyé, iṣẹ́ gidi ni. Mọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ìwọ̀n sì ni. Ta ló wá mọ ìwọ̀n ju ọlọ́jà lọ?

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Irú géèmù tí wọ́n máa ń tún ṣe báyìí, bí àlọ́ ló rí. Ẹni tó ń gbá a á di akọni kan, á máa rìn nínú igbó, á máa pàdé iwin àti ọlọ́ṣà, á máa ra idà àti oògùn, agbára rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo àwòrán tó ń dán yẹn, nọ́ńbà ni. Idà ní nọ́ńbà tirẹ̀, iwin ní tirẹ̀, iye tí wọ́n ń ta oògùn náà, nọ́ńbà ni. Ká ní ẹ̀mí iwin kan jẹ́ 100, tí idà sì ń yọ 10 nínú rẹ̀, ẹ ó ṣá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó kú. Tẹ́nìkan bá sọ nọ́ńbà idà yẹn di 50, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Inú ọmọ á dùn lọ́jọ́ kìíní. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, géèmù ti sú u, torí kò sí ohun tó lè dà á láàmú mọ́. Tí wọ́n bá sì sọ ẹ̀mí iwin di 1,000, ọwọ́ á ro ó, á pa á tì. Ibi tó dáa wà láàárín méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọmọ yín ń wá lóru.

Ẹ̀yin náà ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ fowó lé ata díẹ̀, oníbàárà yà sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Ẹ bu èènì jù, owó ọjà wọlẹ̀. Ẹ tún wo télọ̀ tí wọ́n gbé aṣọ òkìrìkà fún pé kó fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rán aṣọ náà, àmọ́ tó bá ṣe é tán, ó bá oníbàárà lára mu. Ta ló máa ní kì í ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká mú géèmù kan tó gbajúmọ̀. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà gbé géèmù kan jáde tó ń jẹ́ Oblivion. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà níbẹ̀: bí akọni ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń bá a jà náà ń lágbára sí i. Ọlọ́ṣà ẹ̀bá ọ̀nà tó wọ awọ gbígbó lánàá, tó bá yá, ẹ̀wù ogun olówó ńlá ló máa wọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ o! Ẹ̀wù tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó wúrà ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì dúró sójú ọ̀nà, ó ń bèèrè 100 péré lọ́wọ́ èrò. Kí ló dé tí kò ta ẹ̀wù náà, kó fi ṣòwò? Èyí tó burú jù ni pé làálàá akọni di asán. Ó dà bí ẹni tó ń dá àjọ, tí owó ọjà tó fẹ́ rà ń gùn bí owó àjọ ṣe ń gùn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó tún un ṣe ni Jorge Salgado, tí wọ́n mọ̀ sí Oscuro. Kò fọ́ ilé onílé o. Bethesda fúnra rẹ̀ ló fi irinṣẹ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ń gbá géèmù náà. Oscuro wá tún àwọn nọ́ńbà tò. Ohun tó lágbára, ó ti lágbára níbi tó wà kí akọni tó dé. Tí akọni bá kó wọ ihò tí kò tíì tó wọ̀, á jẹ ìyà, á sá jáde. Lọ́jọ́ tó bá padà wá tó sì borí, á mọ̀ pé òun ti dàgbà lóòótọ́. Inú fáìlì ọ̀tọ̀ ni àtúnṣe yẹn wà. Ẹni tó fẹ́ á fi sí i, ẹni tí kò fẹ́ á yọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ló fi fáwọn èèyàn. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ Obsidian gbà á síṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tó ṣe géèmù Fallout: New Vegas tó jáde ní 2010.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣe é ni irú oríire bẹ́ẹ̀ máa bá o. Ọ̀rọ̀ owó náà sì ní ìjà nínú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, Bethesda àti ilé-iṣẹ́ Valve ní kí wọ́n máa ta mọ́ọ̀dù géèmù Skyrim. Nínú owó 100, 25 ló kan ẹni tó ṣiṣẹ́, ilé-iṣẹ́ méjèèjì ló pín 75 tó kù. Ariwo ta. Wọ́n tún rí iṣẹ́ ẹlòmíì tí kò yọ̀ǹda rẹ̀ nínú èyí tí wọ́n fẹ́ tà. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n fi dá ọjà náà dúró.

Ìyá wa, ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday, ẹ ní kí ọmọ jókòó tì yín, kó fi géèmù náà hàn yín bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà báyìí. Ẹni tó ń tún géèmù ṣe á fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi, inú ẹ̀ á máa dùn, á máa ka nọ́ńbà fún yín. Ẹni tó ń ṣe yàhúù á yára pa láptọ́ọ̀pù dé. Ẹ bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ṣé owó ń wọlé, ọ̀dọ̀ ta lowó ọ̀hún sì ti ń wá. Iṣẹ́ nọ́ńbà ò ní mùgù nínú. Ẹ tún bi í pé ṣé ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù gbà kí wọ́n tún un ṣe, ṣé kò sì jí iṣẹ́ ẹnìkan mọ́ tirẹ̀. Tí ìdáhùn bá mọ́lẹ̀, ẹ fi ọkàn balẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa àwọn ará ilé lẹ́nu mọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ aago méjì òru yẹn, a ò fara mọ́ ọn. Wẹ́dà tí oorun ń kùn, iná ló ń bá ṣeré. Ẹ fún un ní òpin: aago mọ́kànlá, kó pa á. Iṣẹ́ tó ń kọ́ ni kó kọ́kọ́ gbà tán, torí òun ni yóò fi jẹun ná.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni. Ní 2016, àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé géèmù tiwọn jáde, Aurion. Ìtàn ọba kan ni, tí àna rẹ̀ gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìwúyè gan-an. Ṣé ìtàn yẹn ṣàjèjì sí wa? Níbí náà, Ilorin Innovation Hub wà. Kí ọmọ dé ibẹ̀, kó béèrè bóun ṣe lè rí ẹni kọ́ òun sí i. Ọmọ tó ń dá ṣe nǹkan nínú òkùnkùn ni wọ́n ń fura sí. Tó bá ní ọ̀gá àti ẹgbẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ á hàn síta.

Ẹ̀yin òbí yòókù tí ọmọ yín ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ ibi tó bá a dé. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.