Yínni yínni, kẹ́ni ó ṣèmíì: ta ló ń gbé ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́?

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn agbésùnmọ̀mí pa ọmọ ogun Benin 54 lápá àríwá, ní agbègbè igbó W, nítòsí ibi tí ilẹ̀ wa ti bá Niger àti Burkina Faso pààlà. Kétu jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí ọmọ rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ológun. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò: bí ìbọn bá ba ọmọ wa nínú igbó yẹn, ta ni yóò lọ gbé e?

Láti Kútọnu dé Malanville lé ní 700 kìlómítà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò lè dúró de mọ́tò, pàápàá lójú ọ̀nà tí wọ́n lè ri bọ́ǹbù mọ́. Hẹlikọ́pítà ló lè tètè débẹ̀, nítorí kò nílò pápákọ̀ òfurufú. Gbàgede kékeré ti tó o. Àmọ́ ibi tó ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ náà ni ewu wà, torí ìbọn ẹni tó dúró nílẹ̀ lè bà á.

Àwọn tó yí wa ká ti rí i. Ní Mali, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ìbọn ba hẹlikọ́pítà Gazelle kan ti àwọn ọmọ ogun Faransé, ó sì já lulẹ̀ pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta. Hẹlikọ́pítà Tigre, tí kò ní ju ìjókòó méjì lọ, bà sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ìta ara rẹ̀, ó sì gbé wọn sá. Ẹ̀mí wọn yọ.

Lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Hẹlikọ́pítà méjì forí gbárí nínú òkùnkùn, ológun Faransé 13 sì kú. Ọ̀kan nínú méjèèjì wà ní sẹpẹ́ láti gbé ẹnikẹ́ni tó bá há sójú ìjà. Ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, hẹlikọ́pítà tó lọ gbé àwọn ológun tí wọ́n ba dè ní Zungeru já lulẹ̀ nítòsí abúlé Chukuba. Àwọn tó lọ gbani là náà bá a lọ.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2019, ọjọ́ keje ìjàǹbá ti Mali, Ààrẹ Emmanuel Macron fi oyè Légion d'honneur dá àwọn 13 náà lọ́lá ní Paris, níwájú ẹbí wọn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Yínni yínni, kẹ́ni ó ṣèmíì. Ṣùgbọ́n òkú kì í gbọ́ oríkì. Lójú tiwa, ó yẹ kí a máa yẹ́ awakọ̀ tó gbani là sí nígbà tó ṣì wà láàyè, kí a má sì gbàgbé nọ́ọ̀sì inú bàálù àti mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe.

Àmì ẹ̀yẹ kò sì lè dípò irinṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bọ́ opó àti ọmọ. Àwa tí a ní Àkábà Ìdènà ní Kétu mọ̀ pé odi kò ní láárí bí a kò bá tọ́jú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, bí aṣòfin yín bá wá sọ́jà, ẹ bi í léèrè: hẹlikọ́pítà mélòó ló wà fún àwọn tó bá fara gbọgbẹ́ ní àríwá? Wákàtí mélòó ló ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Kí ni ẹbí ẹni tó kú sì ń gbà?