Ọwọ́ Ta Ni Kí A Fi Ọrẹ Wa Sí?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó ń fa awuyewuye láàrin wa, àwa olóòtú ìwé yìí kò sì fẹ́ kí ó di ohun tí a ó máa sọ lábẹ́lẹ̀. Owó tí a dá jọ láti fi ran aláìní lọ́wọ́ ti pé lọ́wọ́ akápò. Ta ni kí a kó o fún? Àwọn kan ní ilé ọmọ aláìlóbìí tí ó kọ lẹ́tà sí wa ni. Àwọn kan ní ọmọ Yorùbá nìkan ni kí ó jẹ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí omi bá tún ya wọ Ganaja, kí a fi ra ìrẹsì bí a ti ṣe rí. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n owó náà kò tó ohun tí a lè fọ́n káàkiri. A ní láti yàn.

Kí a tó yàn, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ojú wa ti rí. Etí Odò Ọya ni Ganaja wà, lójú ọ̀nà tí ó ti Lọ́kọ́jà lọ sí Ajaokuta, nítòsí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Bí òjò bá pọ̀ jù lókè odò méjèèjì, ọ̀dọ̀ wa ni omi rẹ̀ ń bọ̀. Ó wọ ilé ní 2012, ó wọ̀ ọ́ ní 2018, ó sì tún wọ̀ ọ́ ní 2022. Ní 2022 yìí, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń sọdá níbi tí mọ́tò ń gbà ní Ganaja. Káàkiri Nàìjíríà, ó lé ní 600 ènìyàn tí omi ọdún náà pa, àwọn tí ó sọ di aláìnílé sì lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹgbẹ́ wa lọ sí Ganaja ní ọdún náà. A kó ìrẹsì, gàrí àti aṣọ àlòkù dání, a na àsíá ẹgbẹ́, a ya fọ́tò. Bí a ti ń múra àtipadà ni ìyá àgbàlagbà kan fi Yorùbá kí wa pé, “Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n aṣọ ti pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ibi tí a ó ti se ìrẹsì yìí ni kò sí, ẹ̀fọn ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ó sùn lóru.” Kò sí ẹni tí ó rí èsì fọ̀ nínú wa. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìrẹsì tí a kò tíì sè kọ́ ni oògùn ebi ẹni tí omi gbé ààrò rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé àánú kò ṣe wá. A kò bèèrè ni.

Èyí ni ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbà gẹ́gẹ́ bí òfin: ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣe aláìní, tí ó wà níbẹ̀ kí omi tó dé, tí yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí omi bá fà, òun ni kí a fún lówó. Kì í ṣe ẹni tí igbe rẹ̀ ga jù lọ.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Médecins Sans Frontières. Àwọn dókítà àti akọ̀ròyìn ilẹ̀ Faransé ni ó dá a sílẹ̀ ní 1971, ohun tí àwọn kan nínú wọn fi ojú rí nínú ogun abẹ́lé Nàìjíríà sì wà lára ohun tí ó bí i. Ní òpin ọdún 2004, nígbà tí òkun ya lu ilẹ̀ ní Éṣíà, tí ó pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ, owó ń rọ́ wọlé fún wọn láti ibi gbogbo. Kò pẹ́ rárá, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2005, tí wọ́n fi kéde pé owó iṣẹ́ náà ti tó, kí àwọn ọlọ́rẹ máa fi tiwọn ran àwọn ibòmíràn tí ìyà wà tí ojú ayé kò sí lára wọn. Ẹ̀yin ará, ẹgbẹ́ aláàánú mélòó ni ó lè la ẹnu pé “ó tó”? Ẹni tí ó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ ni a lè fọkàn tán pẹ̀lú owó wa.

Ẹ tún wo ti ẹ̀fọn tí ìyá yẹn sọ. Bí omi bá fà tán, adágún á kù sílẹ̀, ẹ̀fọn á pamọ síbẹ̀, àrùn onígbáméjì á sì máa wá inú kànga. Nínú gbogbo ènìyàn tí ibà ẹ̀fọn ń pa láyé, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin tí ó jẹ́ ará Nàìjíríà, ọmọ wẹ́wẹ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ GiveWell ti ń wọn iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wò láti 2007, láti mọ ibi tí owó kékeré ti ń gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Lára àwọn tí ó ti ń yìn láti ọdún pípẹ́ ni àwọn tí ń pín nẹ́ẹ̀tì olóògùn, àti àwọn tí ń fún ọmọdé ní oògùn ibà ní àsìkò òjò. Nẹ́ẹ̀tì kò dára nínú fọ́tò bí àpò ìrẹsì, ṣùgbọ́n ọmọ á sùn lábẹ́ rẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Àwọn tí ó ní ọmọ Yorùbá nìkan ń pa òwe pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbo ni ilé wa báyìí? Àwọn ará Ganaja ni ó ń ta ẹja fún wa, ọ̀nà wọn ni a ń gbà. Nígbà tí omi wọlé, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá Ígálà ni tàbí Ebira, Núpé ni tàbí Yorùbá. Ẹgbẹ́ Red Cross ti Nàìjíríà, tí òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1960, kì í bi ènìyàn ní ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kí ó tó gbé e. Ṣé àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wá máa bèèrè?

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2012, ìjọba àpapọ̀ pín bílíọ̀nù náírà 17.6 nítorí omíyalé, mílíọ̀nù 500 sì kan ìpínlẹ̀ Kogi. Síbẹ̀ ìdídò Dasin Hausa ní Adamawa, tí a ní yóò gba omi tí Kamẹrúùnù bá tú sílẹ̀ láti Lagdo, a kò tíì kọ́ ọ parí nígbà tí omi 2022 dé. Owó ẹgbẹ́ wa kò lè kọ́ ìdídò. Ìbò wa àti lẹ́tà wa ni kí a fi bi ìjọba léèrè èyí. Kí a fi owó wa ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni omi ń ga jù. Kí oṣù keje tó parí, kí a rán ènìyàn mẹ́ta lọ sí Ganaja láti bèèrè, kí a sì fi owó náà ra nẹ́ẹ̀tì àti oògùn tí a fi ń pa kòkòrò inú omi, nípasẹ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ní ti ilé ọmọ aláìlóbìí, a kò sọ pé kò yẹ. A ti bèèrè ìwé ìnáwó wọn, a sì ti bèèrè bóyá àjọ CAC mọ orúkọ wọn. Bí èsì bá dé, kí a gbé ti ọdún tí ń bọ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bèèrè ìwé ìnáwó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó mú tirẹ̀ wá. A kò tíì ka ti 2022 sí etígbọ̀ọ́ ìpàdé títí di òní. Kí akápò kà á ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí a tó dìbò lórí èyí.