Wọ́ọ̀dù Ni A Ti Ń Yan Ààrẹ



Bí a bá bi yín léèrè ọjọ́ tí a yan Olóyè M.K.O. Abiola, ẹ óò dáhùn pé ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993 ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Orúkọ méjì péré ni a gbé síwájú wa lọ́jọ́ náà: Abiola láti inú ẹgbẹ́ SDP, àti Bashir Tofa láti inú ẹgbẹ́ NRC. Ta ni ó yọ àwọn orúkọ yòókù kúrò?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Jos, ní ìparí oṣù kẹta ọdún náà, níbi tí àwọn aṣojú SDP ti péjọ láti fa olùdíje kalẹ̀. Nínú ìbò àkọ́kọ́, Abiola ní 3,617. Babagana Kingibe, alága ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ń lé e bọ̀ tímọ́tímọ́. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó 400. Atiku Abubakar ni ó ṣe ìkẹta. Nígbà tí Atiku juwọ́ sílẹ̀, Abiola ni ó borí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó fi ju Kingibe lọ. Ìkànìyàn ọdún 1991 fi hàn pé a lé ní mílíọ̀nù 88 ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, iye ènìyàn tí kò tó òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá kan ì bá ti yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ìjọba Babangida fagi lé ìbò náà. Ní oṣù keje ọdún 1994, NUPENG àti PENGASSAN gùn lé ìyanṣẹ́lódì nítorí rẹ̀. Ìjọba Abacha tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ àwọn méjèèjì àti ti NLC ká. Frank Kokori ti NUPENG sì wà ní àtìmọ́lé títí di ọdún 1998. Òṣìṣẹ́ san gbèsè ìbò yẹn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ orúkọ aṣojú tí àdúgbò rẹ̀ rán lọ sí Jos?

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ olówó ni ìdìbò abẹ́lé, kí òṣìṣẹ́ dúró de ọjọ́ ìdìbò gbogbogbòò. Èmi kò gbà. Níbi tí ìyàtọ̀ bá ti kéré ni owó ti ń wá ẹni tí yóò rà; ibẹ̀ náà ni ìwọ̀nba ènìyàn tí kò ṣeé rà ti lè pinnu ibi tí òṣùwọ̀n yóò tẹ̀ sí. Nínú ètò ọdún 1993, olùdíje gan-an ní láti kọ́kọ́ yege ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀ kí ó tó dé ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀. Wọ́ọ̀dù kì í sì í ṣe Abuja. Kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù tí ẹ bá fẹ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ mọ ọjọ́ ìpàdé wọ́ọ̀dù yín. Ẹ bi ẹni tí ó fẹ́ ṣe aṣojú yín nípa owó oṣù tí ó kéré jù lọ àti owó ìfẹ̀yìntì, kí olówó tó bá a sọ̀rọ̀.

Ìyanṣẹ́lódì lè gbèjà ìbò tí a ti dì. Kò lè fi orúkọ tí a kò fà kalẹ̀ sórí ìwé ìdìbò.