Ìtumọ̀ Ju Iye Ọ̀rọ̀ Lọ: Ọ̀ràn ‘Crepuscular’

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣọ̀wọ́n ni ‘crepuscular’. Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá; ó jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀ bàìbàì. Àwọn onímọ̀ ẹranko ń lò ó fún ẹran tí í jẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú àti ní àṣálẹ́, bí ehoro. Olùkọ́ tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ‘ti àṣálẹ́’ nìkan ti sọ ìdajì ìtumọ̀ nù. Èyí kò fi hàn pé Yorùbá tòṣì. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ, Yorùbá a máa fi awẹ́ gbólóhùn sọ ọ́ yékéyéké. Ọdẹ àti àgbẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó mọ àkókò méjèèjì. Kí olùkọ́ ọ̀la bi wọ́n léèrè kí ó tó yá ọ̀rọ̀ lò.