Kì Í Ṣe Ìbínú, Ara Ló Ń Yí Padà

Ẹ̀yin ọkọ tó ń ka ojú ìwé yìí, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí ìyàwó yín bá ti tó ẹni ọdún 45, tó wá ń ṣí fèrèsé láàárín òru nígbà òtútù Riverdale, tí ọ̀rọ̀ kékeré sì ń mú un sunkún, ẹ má tètè kó lọ sí yàrá kejì. Ẹ má sì sọ pé ayé ló ń ṣe é.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan oṣù rẹ̀ ló fẹ́ dáwọ́ dúró. Ní Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 51 tàbí 52, ṣùgbọ́n ara ti máa ń ṣe ségesège fún ọdún mélòó kan ṣáájú. Ooru á dédé gun àyà dé ojú, òógùn á bò ó, oorun á fò lọ. Ẹni tí kò rí oorun sùn, tó tún ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn tàbí ní pápákọ̀ òfurufú, ṣé ẹ rò pé yóò máa rẹ́rìn-ín?

Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SWAN ti ń tẹ̀lé àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà láti àárín àwọn ọdún 1990. Èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé nínú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ooru yìí ń yọ lẹ́nu lemọ́lemọ́, ìdajì ló bá a yí fún ohun tó ju ọdún 10 lọ. Ọdún mẹ́wàá! Èyí kọjá ohun tí à ń sọ pé kí èèyàn mú mọ́ra. Oògùn wà, èyí tó ní hòmóònù àti èyí tí kò ní. Ẹ jẹ́ kí dókítà yàn án, pàápàá fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọdún kan gbáko bá ti kọjá láìrí nǹkan oṣù, tí ẹ̀jẹ̀ wá yọ, ì báà ṣe ẹ̀kán kan, ẹ má pè é ní iṣẹ́ ìyanu Sárà. Ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ náà.

Ẹ̀yin bàbá tó ń na Bíbélì jìnnà sójú kí ẹ tó lè kà á, ti yín náà ti dé. Láti ọdún 45 ni wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun níbí, tọkùnrin tobìnrin. Owó oògùn ìyá nílé àti owó ilé-ìwé ọmọ kì í jẹ́ ká ráyè, mo mọ̀. Ẹ jọ gba ọjọ́ dókítà kan náà, kí ìyàwó yín kọ àwọn òru tí ooru náà dé sínú ìwé, kí ẹ sì mú un dání lọ.